Àmì Omi Lára Ògiri

Ìkéde náà wọlé lórí fóònù mi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun,
mo dúró lẹ́bàá irin rélùwéè, mò ń retí kí ọ̀kadà kọjá:
owó ìwádìí wà fún ẹni mẹ́fà
nínú ẹ̀yin tí ẹ ń kẹ́kọ̀ọ́ gboyè kejì nínú ìmọ̀ ètò ìlú.
Ìpàdé yóò wáyé lóṣù Ọ̀wàrà, nínú gbọ̀ngán ńlá.
Ẹ kọ ohun tí ẹ bá rí ní ọ̀ọ́dúnrún ọ̀rọ̀,
kó dé ọwọ́ wa kí aago méjìlá òru ọjọ́ Ẹtì tó lù.

Ọ̀ọ́dúnrún ọ̀rọ̀!
Òṣogbo tó ti wà kí wọ́n tó bí bàbá bàbá mi,
kí n ká a bí ẹní, kí n há a sábẹ́ apá.

Olùkọ́ mi, Dókítà Olúokun, ní,
"Lọ wọn gọ́tà. Ẹni tí kò wọn nǹkan kan
kò ní nǹkan kan í wí."
Mo gbé tépù, mo wọ bàtà òjò àbúrò mi
tó fún mi lẹ́sẹ̀ pinpin,
mo sọ̀ kalẹ̀ sí Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun bí ẹni tí ìjọba rán.

Àwòrán ìlú ní ọ̀nà kan wà níbí, ó fẹ̀ tó mítà mẹ́sàn-án.
Mo na tépù: mítà méjì ààbọ̀,
àfọ́kù ìkòkò aró, ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń tún rédíò ṣe,
àti ewúrẹ́ kan.
Ewúrẹ́ wò mí. Ó wo tépù.
Ó já sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin jẹ lórí rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.
Láti ọjọ́ náà, ohunkóhun tí mo bá wọ̀n ní Òṣogbo,
mo ní láti yọ mẹ́rin kúrò níbẹ̀.

Bàbá Ṣítù bíríkìlà ti ń wò mí láti ẹnu ọ̀nà.
"Ọmọ ìjọba, ṣé ẹ fẹ́ wó ilé wa ni?"
"Rárá o, sà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí."
"Àwọn tó fi ọ̀dà pupa sàmì sí ògiri wa níjelòó,
akẹ́kọ̀ọ́ náà ni wọ́n pe ara wọn."

Mo dákẹ́. Kí ni mo fẹ́ sọ?
Ó pẹ́ kó tó dìde, kó tó mú mi lọ sẹ́yìnkùlé.
Èékánná rẹ̀ ń tọ ìlà lára ògiri:
"Orúnkún mi: ọdún tí mo gbéyàwó.
Ìbàdí mi: ọdún tí wọ́n jí ẹ̀rọ ìpo-símẹ́ǹtì mi.
Eléyìí," ó fọwọ́ kan àyà, "a ò sọ ọ́ lórúkọ.
Mo gbé Ràfíù lé èjìká fún wákàtí mẹ́ta
títí omi fi rántí ilé rẹ̀."

Mítà kan àti sẹ̀ǹtímítà mọ́kànlélọ́gbọ̀n.
Mo yọ mẹ́rin ti ewúrẹ́.

"Wọ́n ní àdúgbò kan ń jẹ́ Alékúwodò," ni bàbá wí.
"Ó dáa. Wọ́n lé ikú wọ odò.
Nígbà tí odò bá wá dìde, tó pọn ikú padà wálé,
ta ni wọ́n ní kó lé e?"

Alẹ́ Ẹtì. Iná lọ. Fóònù mi ń mí bí ọlọ́jọ́ orí.
Mo yọ ewúrẹ́. Mo yọ rédíò.
Mo kà á: ọ̀rọ̀ mẹ́rin ló ṣì lé.
Mẹ́rin náà tún ni!
Ọwọ́ mi ti wà lórí "èjìká", mo gbé e kúrò,
mo padà sókè níbi tí mo ti bẹ̀rẹ̀,
mo pa "gẹ́gẹ́ bí ìwé wí" rẹ́.

Aago méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ, mo tẹ̀ ẹ́, ó lọ.
N ò mọ̀ bóyá wọn yóò pè mí.
Òjò ti ń kán lórí páànù,
àti nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, nínú òkùnkùn,
ẹnì kan ti ń ká ẹní kúrò nílẹ̀.