Iyọ̀ Abẹ́ Jíìpù

Reino Lahti ti fọ jíìpù náà kí n tó dé.
Ó fi epo ra táyà, wọ́n ń dán bíi kóró iṣin.
Mo kí i. Mo gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì:
ó gbóná.
Ta ní í jí aláìsàn kí dókítà tó wọlé,
tí í kun àtíkè fún un, tí í ní kó rẹ́rìn-ín?

Ní òkè Míṣígàn, létí adágún tí ojú kò rí òdìkejì rẹ̀,
oṣù márùn-ún ni wọ́n fi ń da iyọ̀ sójú títì
kí yìnyín má baà gbé wa ṣubú.
Iyọ̀ tí í mú ọbẹ̀ dùn,
iyọ̀ tí à ń gbé pẹ̀lú búrẹ́dì fún onílé tuntun,
irin ni oúnjẹ rẹ̀ níbí.
Bí eku ti ń jẹ àtẹ́lẹsẹ̀ ẹni tó sùn,
ó ń jẹ, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i.

Eino bàbá mi, mekáníìkì, ló sọ ọ́:
"Aili, má wo ojú ọkọ̀. Ojú kì í ṣàìsàn.
Ọkọ̀ tí o kò bá lè dùbúlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀,
má san owó rẹ̀."

Mo tẹ́ páálí sórí yìnyín, mo wọ abẹ́ rẹ̀.
Mo tan tọ́ọ̀ṣì. Ṣáṣí pupa rúsúrúsú.
Mo fi ìdí súkúdiráfà kàn án láti iwájú dé ẹ̀yìn:
irin ń dáhùn bí irin, ibì kan péré ló dákẹ́.
Mo yọ òòfà tí mo fi áńkáṣíìfù wé.
Mo gbé e lé ilẹ̀kùn ọ̀tún, ó lẹ̀ mọ́ ọn bí ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ mọ́ ògiri.
Mo gbé e lé ti òsì,
ó já bọ́.
Ẹnìkan ti rẹ́ ẹ, ó ti kùn ún lọ́dà.
Reino ń wo bàtà ara rẹ̀.

Ọ̀kẹ́ mẹ́jọ máìlì ni aago wí.
Rọ́bà ẹsẹ̀ bíréékì ti jẹ tó bẹ́ẹ̀; aago kò purọ́.
Ṣùgbọ́n ọ́ìlì rẹ̀ mọ́ jù,
bí ilé tí wọ́n gbá nítorí àlejò.
Mo ní, "Màá padà wá lọ́la kí ilẹ̀ tó mọ́.
Má fọwọ́ kàn án."

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń fọ ẹ̀jẹ̀ Veikko àbúrò mi,
àádọ́rin máìlì sí ẹnu ọ̀nà wa.
Ọkọ̀ tó bá kú níbi tí òtútù ti ń la igi,
òun nìkan kọ́ ló kú.

Lówùúrọ̀, òjò dídì bò ó mọ́lẹ̀ láìní ojú ìka kan.
Reino jáde tòun ti kọ́kọ́rọ́ àti ife kọfí méjì.
Mo yí kọ́kọ́rọ́.
Ó kùn. Ó tún kùn.
Ó kanlẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹ́ta bí àlejò tójú ń tì,
ó jí.
Èéfín aláwọ̀ aró jáde nídìí rẹ̀,
ó dúró nínú òtútù, kò rí ibi lọ.
Àwa méjèèjì ń wò ó.

Ó ní, "Ó ń mu ọ́ìlì. Ìgò kan ní ẹgbẹ̀rún máìlì.
Ilẹ̀kùn yẹn, Helmi ìyàwó mi ló fi gbá òpó
lọ́dún tó ṣaláìsí. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni..."
Kò parí ọ̀rọ̀.

Bàbá mi ìbá bú mi: omijé kì í ṣe rìsíìtì.
Mo gé ẹgbẹ̀rún kan dọ́là lórí iye rẹ̀.
Reino kò janpata. Ó fún mi ní ìwé kékeré
tí Helmi fi ń kọ ọjọ́ tí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì,
lẹ́tà rẹ̀ ń kéré sí i bí ojú ewé ti ń lọ.

Nígbà tí Veikko wọlé, ó gbọ́ kíkùn rẹ̀,
ó rí páálí ìgò ọ́ìlì lẹ́yìn.
"Òun náà? Ṣé kí wọ́n máa fọ tàwa méjèèjì pọ̀?"
Mi ò rẹ́rìn-ín títí a fi dé orí afárá.
Iyọ̀ ń ró lábẹ́ wa,
ṣàrà, ṣàrà.