Akàn Inú Fóònù

Èmi ni mò ń ṣọ́ géètì ilé-ìwé yìí,
èmi náà ni mo ń lu aago.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Míìsì Arówóṣegbé kó kíláàsì kẹrin
lọ sẹ́yìn ṣáláńgá, níbi tí odò wà tẹ́lẹ̀.
Iyanrìn ni. Ike omi. Bàtà ẹsẹ̀ kan.

Fóònù kan, ọmọ mẹ́rìndínlógójì,
orí ń gbá orí bí ẹyin inú agbọ̀n.
Ojú fóònù ti là,
ìlà náà la àárín odò kọjá.
Odò kẹ̀? Háà!
Omi ń bọ̀ nínú gíláàsì,
ó rọra ń jí bí ẹni tó sùn lọ́sàn-án,
ó bo bàtà, ó bo ike,
ó dé ọrùn-ẹsẹ̀ Ṣẹ̀san,
Ṣẹ̀san fò sẹ́yìn
pẹ̀lú ẹsẹ̀ gbígbẹ.

Akàn kan yọ, ó ń fọhùn bí ará Ìlẹ́ṣà gan-an:
"Èéfín tí ẹ ń tú sókè kò lọ síbì kan,
ó dé ayé lórí bí ọmọrí ìkòkò.
Ooru kò rọ́nà jáde mọ́.
Òjò ń ṣi ọjọ́ kà:
a retí retí, kò dé;
ó dé tán, ó wó ògiri.
Kòkó ń jẹrà lórí igi."

Ìbíyẹmí bẹ̀rẹ̀, ó fi ife bu omi.
Iyanrìn ló bù.
Ó gbé e wá bá mi lẹ́nu géètì:
"Bàbá, níbo ni wọ́n kó o pamọ́ sí?"

Mo ní n kò mọ̀.

Wọ́n ní kí n wá wò ó. Mo wò ó.
Wọ́n ya ìrókò kan sí orísun omi,
ẹyẹ kún orí rẹ̀.
Wọ́n ṣì í yà. Apá òsì ni ẹ̀ka ńlá yẹn tẹ̀ sí.
Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gbé àáké lé e,
èmi àti Fádípẹ̀,
lọ́dún tí wọ́n ń du pákó l'Átàkúnmọ́sà.
Ọjọ́ méjì gbáko. Mo fi owó rẹ̀ ra rédíò.
Rédíò náà ti bàjẹ́ tipẹ́.

Bátìrì kú. Odò bá a lọ.
Àwọn ọmọ ń ké pé kó tún ṣe é.
"Ó dọ̀la," ni míìsì wí, "bí iná bá dé."

Tó bá dọ̀la, mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́:
kó yí ojú fóònù síhà géètì,
kó nà án sí mi.
Ohun tó rántí igi,
bóyá yóò rántí ọwọ́ tó gé e.
Kí akàn bá mi sọ ọ́ fún Ìbíyẹmí.
Ẹnu tèmi wúwo.