Ojú Ọgbẹ́ Lára Rẹ́kọ́ọ̀dù

Ní Tartu, yìnyín ti bo àtẹ̀gùn ilé Heldur láti àárọ̀ kùtù.
Odò Emajõgi le bíi pákó.
Liisbet, ọmọ ọmọ rẹ̀, gbọn bàtà lẹ́nu ọ̀nà,
ó yọ fóònù lápò, ó ní:
"Bàbá àgbà, ẹgbàá lọ́nà ẹgbàá orin ló wà nínú èyí,
kò sì wúwo ju ọṣẹ ìfọwọ́ lọ."

Heldur ò fèsì. Ó ń nu ojú rẹ́kọ́ọ̀dù
bí ẹni ń nu ojú ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí.
Abẹ́rẹ́ bà lé e. Ó kọ́kọ́ ta pàràpàrà
bí igi tútù nínú iná,
kí gòjé tó wọlé láìkánjú,
bí àlejò tó ti mọ ibi tí àga wà.

"Ẹ gbọ́ eruku yẹn! Tèmi mọ́ gaara.
Wọ́n gé ohùn sí wẹ́wẹ́, wọ́n kà á,
òdo, oókan, oókan, òdo,
wọ́n tún un tò, ẹnikẹ́ni ò rí ojú rírán."
"Télọ̀ ni mí," ni Heldur wí. "Mo máa ń rí i."

Ó wá rẹ́kọ́ọ̀dù tuntun kan tí eruku ò tíì mọ̀,
ó fi ìborùn di bàbá lójú.
Ẹ̀ẹ̀mẹwàá ló pààrọ̀ ohùn fún un.
Mẹ́rin ló gbà. Ó ṣì mẹ́fà.

Ó tú ìborùn, ó ká a ní ìká mẹ́rin.
"Ó dáa. Etí ti darúgbó.
Gbé ti ìyá rẹ àgbà wá."

Ojú kejì, orin kẹta.
Ọdún tí wọ́n kó wọlé yìí ni Aino ń jó,
ìkòkò ọ̀dùnkún lọ́wọ́,
ìbàdí rẹ̀ kọlu tábìlì, abẹ́rẹ́ ha rẹ́kọ́ọ̀dù.
Láti ìgbà náà, bí gòjé bá dé ibẹ̀, á kọsẹ̀,
á tún un sọ, á tún un sọ,
á fò.

Liisbet wá orin náà rí nínú fóònù.
Ó kọjá níbẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́,
àfi bíi pé ẹnikẹ́ni ò jó rí nínú yàrá yìí.
Òun fúnra rẹ̀ ti gbé èjìká sókè, ó ń retí ìfò.
Kò dé.

Kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ó gbé fóònù ti sípíkà,
ó tẹ̀ ẹ́ kó máa gba ohùn.
Ọgbẹ́ Aino wọ àárín òdo àti oókan.

Heldur mọ̀ pé abẹ́rẹ́ ń jẹ ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀.
Ọjọ́ Ìsinmi nìkan ló ń gbé e sí i báyìí,
bí ẹni ń bu iyọ̀ tó kù sísàlẹ̀ ìgò.

Nínú ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sí Tallinn,
etí Liisbet dí, igbó funfun ń sáré kọjá.
Ìyá àgbà kọlu tábìlì. Orin parí.
Ìgbà náà ló tó gbọ́ ọ, lẹ́yìn orin, kí ó tó dákẹ́ pátá:
ẹnìkan wúkọ́,
ikọ́ gbígbẹ, ikọ́ òwú àti ìbùsọ́,
ó ní, "Ṣé ó ti gbà á?"

Kò gé e kúrò.