Páànù Òfìfo

Ní Èrèlé, kí òjò àkọ́rọ̀ tó ba adùn jẹ́,
mo gbé ègé páànù mọ́kànlá lọ sóko wa ní Ìlíṣàn,
ìṣó, òòlù, àti ìwé tí wọ́n fún mi ní ọ́fíìsì:
Kọ orúkọ igi. Kọ ìwọ̀n èso. Kọ àwọ̀.
Ìyá bàbá mi, Ẹfúnbọ̀wálé, jókòó lórí pákó,
ojú rẹ̀ kan ti ṣú, èkejì ń rí òjìji.
Ó ní, "Àwọ̀ wo? Gbogbo wọn ló pọ́n bí oòrùn àṣálẹ́.
Gbé e wá sẹ́nu mi."

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ;
ahọ́n ni Màmá fi ń wolé.
Ó kọ́kọ́ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́,
ó gbọ́ bí èèpo ṣe dáhùn,
ó fa omi rẹ̀ mu, ó pa ètè méjèèjì dé,
ó ń wò ó bóyá oje yóò tètè lẹ̀ wọ́n pọ̀.
"Gbàgbé-Gbèsè nìyí. Ṣówándé ló fi san owó tó jẹ wá,
a ò sì rántí béèrè ìyókù."
Mo kàn án mọ́ igi.
"Èyí, Panu-Dé. Àbúrò mi ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ ẹ́ tán
ni wọ́n wá tọrọ rẹ̀ fún Ọ̀nàfúwà;
ètè ti lẹ̀, kò lè sọ pé òun ò fẹ́."
Ọmọ méje ló bí fún un.
"Èyí? Ó kan. Kọ Ó-Kan."

Ó ku ẹyọ kan, létí títì márosẹ̀,
igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò gbìn,
abẹ́ ewé rẹ̀ pọ́n bí idẹ àtijọ́.
Màmá jẹ ẹ́. Kò sọ̀rọ̀.
Ó tu kóró sọ́wọ́, ó kà á: márùn-ún.
Ó tún béèrè òmíràn.
"Ìyá rẹ̀ ni katakata wó lulẹ̀
lọ́dún tí wọ́n ń la títì. Olóyin là ń pè é.
Àwọn aláboyún ń ti Ṣàgámù wá."

Mo ti mú bírò. Ṣé kí n kọ Yétúndé?
"Rárá o. Àgbálùmọ̀ kì í bí ara rẹ̀.
Ó jọ ọ́ bó ṣe ń wọ ẹnu,
ṣùgbọ́n níbi tí ìyá ti ń dákẹ́, ọmọ ṣì ń sọ̀rọ̀.
Kíkan díẹ̀ kan wà níbẹ̀ tí n ò mọ baba rẹ̀."

Kí la ó wá pè é?
Ó nu ọwọ́ sí ìró. Tírélà kan kọjá, ewé mì.
"Kàn án bẹ́ẹ̀. Kó o padà wá lámọ́dún."

Ní ọ́fíìsì, wọ́n bi mí: ta ló gbàgbé
láti kọ nǹkan sára ìkọkànlá?
N ò dáhùn.
Ètè mi ṣì lẹ̀.