Igba Gíráàmù

Ìṣubú ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́ mi.
Kì í ṣe bí a ti ń dá ènìyàn,
kì í ṣe bí a ti ń fi ẹsẹ̀ kọ́ ẹsẹ̀.
Oṣù mẹ́ta gbáko ní gbọ̀ngàn ẹ̀yìn pápá Kútọ̀,
mò ń ṣubú sẹ́yìn, mò ń ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́,
mò ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ẹní gbàmù
kí orí mi tó débẹ̀.
Kóòṣì Ṣóbándé á ní:
"Ìlú olókùúta la bí ẹ sí, Fákẹ́mi.
Ilẹ̀ ibí kì í tọrọ gáfárà.
Kọ́ bí o ṣe máa kí i kó tó kí ọ."

Aago mẹ́fà ìdájí, mo ti wà ní Ìtòkú,
ẹ̀wù òjò bàbá mi lọ́rùn mi nínú ẹ̀ẹ̀rùn.
Àwọn aláró tó ń tọ́ iná sábẹ́ ìkòkò
ń bi ara wọn léèrè
irú òjò wo lọmọ yìí ń sá fún.
Òógùn ni mò ń wá.
Mo gun òkè, mo sọ̀ kalẹ̀, mo tún gùn ún.

Ẹyin sísè méjì; Dọ̀tun ló ń jẹ pupa rẹ̀.
Ẹ̀wà láìsí epo. Ẹja Odò Ògùn, omi àti ata lásán.
Láfún ńkọ́? Ọmọ Ẹ̀gbá ni mí o!
Láfún di ohun tí mò ń gbóòórùn láti yàrá,
tí mo ń fi ìrọ̀rí bo imú nítorí rẹ̀.
Ìyá mi bá òṣùwọ̀n ṣọ̀tá:
"Irin pẹlẹbẹ ló ń sọ fọ́mọ mi pé kó má jẹun.
Ṣé òun ló bá mi bí i?"

Àárọ̀ ìdíje, òṣùwọ̀n dúró sí kọ̀rọ̀ bí agbowó-orí.
Kílò méjìléláàádọ́ta ló ń bèèrè.
Mo gùn ún. Igba gíráàmù lé.
Mo bọ́ yẹtí. Mo bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ tí ìyá àgbà so fún mi.
Mo tutọ́ sínú ike títí ẹnu mi fi gbẹ bí èèpo ẹ̀pà.
Ó ṣì lé.
Ìyá mi ò sọ nǹkan kan. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn,
ó fà mí sáàárín orúnkún rẹ̀
bí ìgbà tí mo wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀,
ó ń tú irun tí a fi ọjọ́ méjì dì.
Irun àdìmọ́ ń já bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà wa
bí eku tó kú.
Eyín ló fi tú èyí tó takókó.
Mo tún gùn ún. Nọ́ńbà sáré lọ, ó sáré bọ̀,
ó dúró. Kóòṣì mí.

Ọmọ Jọ́ọ̀sì kan ni wọ́n fi kò mí lójú.
Ó di kọ́là aṣọ mi mú
bí ẹni tí àgbàrá ń gbé lọ ṣe ń di gbòǹgbò mú.
Mo gbá a lẹ́sẹ̀; ẹsẹ̀ ò sí níbi tí mo fojú sí.
Mo rí àjà. Mo rí fáànù kan tí kì í yí.
Ẹ̀yìn mi kan ilẹ̀, réfirì na ọwọ́ sókè.
Oṣù mẹ́fà tí n kò fi kan láfún;
ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rìndínlógójì.

Kóòṣì ju aṣọ ìnura sí mi léjìká.
Ó dákẹ́ títí a fi dé ibi bàtà.
"Ṣó o gbọ́ bí ọwọ́ rẹ ṣe dún?
N kò tíì rí ẹni tó ṣubú dáadáa tó bẹ́ẹ̀ lọ́dún yìí."
N kò mọ̀ bóyá kí n sunkún ni tàbí kí n bú u.

Lálẹ́, ìyá mi ro láfún.
Irun mi ṣì rí wúruwùru.
Mo gbé òkèlè kan mì, mo gbé èkejì,
ìkẹta há sí mi lọ́fun;
ikùn tí mo ti kọ́ ní kékeré
ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń gbà.
Ó bu omi fún mi.
"Rọra jẹ ẹ́," ló wí.
"Òṣùwọ̀n ti sùn."