Fún Mosúnmọ́lá, Kó Tó Wọ Wọ́ọ̀dù

Mosúnmọ́lá, ra bàtà tó tóbi díẹ̀ jù ọ́ lọ.
Ẹsẹ̀ tó bá wọ wọ́ọ̀dù ní aago méje
kọ́ ni ẹsẹ̀ tí yóò jáde ní aago mẹ́ta.
Má ra funfun olówó gọbọi ní Ọjà Ọba;
àyódíìnì kò ní bi ọ́ ní iye tó o rà á.

Jẹun kó o tó kúrò ní Òkè-Àró.
Ebi ni mo fi lọ lọ́jọ́ kìíní tèmi,
orí ilẹ̀ tútù ni mo ti lajú,
tí aláìsàn ń fi fíìmù eegun ìhà rẹ̀ fẹ́ mi,
ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ pẹ̀lẹ́ o."

Mú bíírò mẹ́ta dání:
ọ̀kan fún ọ, ọ̀kan fún dókítà tí kò ní dá a padà,
ọ̀kan nínú ìbọ̀sẹ̀.

Bàbá Akínwọléré tó ń ti kẹ̀kẹ́ aláìsàn,
kí i kó o tó kí mátíróònù.
Bí òwú bá tán, òun ló mọ ibi tí òwú kù sí.

Igba eegun ó lé mẹ́fà:
má há wọn sórí bí orúkọ àlejò.
Nínú Márúwá láti Ọba-Ilé,
máa fọwọ́ wá wọn lára rẹ lọ́kọ̀ọ̀kan;
jẹ́ kí èrò ẹ̀gbẹ́ rẹ rò pé èèrà ló wọ aṣọ rẹ.

Èyí tó kàn yìí, jókòó kí n tó sọ ọ́.
Bí o bá wọn ìfúnpá, tí o kò gbọ́ nǹkan kan,
sọ pé o kò gbọ́.
Má kọ ọgọ́fà lórí ọgọ́rin torí pé ó dára lójú.
Mo kọ ọ́ rí.
Síítà Adéṣimbọ̀ tún un wọ̀n lẹ́yìn mi:
igba lórí ọgọ́fà.
Kò pariwo. Ó kọ tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi,
ó fà mí lọ́wọ́ dé ìdí bẹ́ẹ̀dì,
ó ní, "Bi màmá lórúkọ."
Màmá ní, "Ọmọ́yẹni."
Wọ́n là á já.
Èmi ni n kò tíì là á já tán.

Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí wọn yóò fa aṣọ bo ẹnìkan lójú rẹ.
Wọ́n á ní àìsàn là ń wò, a kì í wo ikú.
Òótọ́ ni. Òótọ́ yẹn kì í nu omijé.
Sunkún nídìí ẹ̀rọ omi, kó o bọ́jú,
bẹ́ẹ̀dì kẹfà ṣì ń retí abọ́ ìtọ̀.

Tó o bá délé, má ṣí ìwé kankan. Sùn.

Áà, bíírò inú ìbọ̀sẹ̀ yẹn:
bí dókítà tiẹ̀ rẹ́rìn-ín sí ọ,
má yọ ọ́.