Alàgbà Tí Kò Nírùngbọ̀n

Aago mẹ́fà ààbọ̀, fóònù Ekpenyong ké
bí àkùkọ tí ọ̀fun ń dùn.
A kúnlẹ̀, èmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì tèmi, òun lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀.
Gẹ̀ẹ́sì ni kí n fi gbàdúrà, òfin ni.
Gẹ̀ẹ́sì mi ń tiro, ó ń di ògiri mú.
Faransé ni wọ́n fi nà mí nílé-ìwé ní Pobẹ̀,
Yorùbá ni mo fi sunkún.
"Ọlọ́run á gbọ́ gbogbo rẹ̀," Ekpenyong wí,
"ṣùgbọ́n ará Kubwa ò ní gbọ́.
Tún un wí."

Ọ̀sẹ̀ méjìlá ni yóò fi kọ́ mi.
Kò gbọdọ̀ jìnnà sí mi ju ibi tí ohùn dé lọ;
ilé ìwẹ̀ nìkan ni mo ti ń dá nìkan wà,
pẹ̀lú ìdajì garawa omi
tí ọlọ́mọlanke tà fún wa lówó gọbọi.

Orúkọ baba mi wà láyà mi, funfun lórí dúdú,
oyè kan sì ṣíwájú rẹ̀: Alàgbà.
Màláàmù Habu tó ń ṣọ́ géètì,
tó fi ogún ọdún ta màlúù ní Ṣakí,
wò mí láti orí dé bàtà.
"Alàgbà," ó fi Yorùbá pè mí,
"irùngbọ̀n dà?"
Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.
Ó ti tó oṣù kan tí ẹnikẹ́ni ti fi èdè mi bú mi.

Ọyẹ́ Kubwa kò mọ funfun.
Ṣẹ́ẹ̀tì tí mo fọ̀ lálẹ́, pupa ni mo bá a lówùúrọ̀.
Ilẹ̀kùn mọ́kànlá la kàn lónìí.
Mẹ́sàn-án dákẹ́, tẹlifíṣọ̀n ń sọ̀rọ̀ nínú wọn.
Obìnrin kan ní òun ti ní ṣọ́ọ̀ṣì tirẹ̀, ó bu kunu fún wa.
Mẹkáníìkì kan béèrè iye tí wọ́n ń san fún wa.
A ní wọn kì í sanwó, àwa la fowó ara wa wá.
Ó pe àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ kí wọ́n wá wò wá.

Tíì ń hó lọ́dọ̀ Sani, mílíìkì ń dà láti òkè.
A kò gbọdọ̀ mu tíì.
Mo ra búrẹ́dì,
mo fi òórùn jẹ ẹ́.

Lọ́nà Bwari, ìyá Gbagyi kan kọjá,
ìdì igi ìdáná lé e léjìká,
ọrùn rẹ̀ nà gbọọrọ, gèlè rẹ̀ ò yẹ̀.
Ekpenyong ní wọn kì í ru ẹrù lórí.
Orí ló ń darí ara, wọ́n ní;
ta ní í di ẹrù ru ọba?
Mi ò gbọ́ ohun tó sọ tẹ̀ lé e.
Àárín orí ìyá mi ti pá
láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú.

Mọ́ńdè ni ọjọ́ ìyá.
Ojú rẹ̀ kún fóònù, iwájú orí nìkan ni mo kọ́kọ́ rí.
Ṣé mo ń jẹun? Ṣé bàtà ò tíì lu?
Mo sọ̀rọ̀ obìnrin onígi náà fún un.
Ó dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo rò pé dátà ti tán.
Lẹ́yìn náà ó ní:
"Ẹ̀yìn mi, ìwọ lo wà níbẹ̀.
Èjìká mi, ọwọ́ rẹ ló dì í mú.
Orí ló ṣẹ́kù."
Ìgbà yẹn ni dátà wá tán lóòótọ́.
Ekpenyong kọjú sí ògiri,
ó ń ká ìbọ̀sẹ̀ tó ti ká tẹ́lẹ̀.

Lálẹ́, a kúnlẹ̀.
Mo wá Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pe osùká,
mo wá a títí, mi ò rí i.
Mo bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ láàárín àdúrà,
osùká,
mo sì ṣe àmín.
Ekpenyong ò ní kí n tún un wí.